Phnom Penh fún Ẹni Tí Ó Gbé Àpò Sẹ́yìn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Phnom Penh ni olú-ìlú Kàmbódíà, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, níbi tí odò Mekong, odò Tonle Sap àti odò Bassac ti pàdé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé àpò sẹ́yìn rìn kiri agbègbè náà ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn á sùn mọ́jú kan péré, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì fẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ni a kọ àwọn ìdáhùn yìí fún.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí gan-an?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1975, àwọn ọmọ ogun Khmer Rouge, ìyẹn àwọn kọ́múníìsì Kàmbódíà tí Pol Pot jẹ́ olórí wọn, wọ Phnom Penh lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún márùn-ún. Àwọn ará ìlú tú síta láti kí wọn, nítorí wọ́n rò pé ogun ti parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọmọ ogun ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò nílùú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá ju bọ́ǹbù, àti pé ọjọ́ méjì mẹ́ta péré ni, olúkúlùkù yóò padà sílé rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ènìyàn ló wà nílùú nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará oko tí ogun àti bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ti lé wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n lé jáde nínú oòrùn oṣù Kẹrin, tọmọdé tàgbà, títí kan àwọn aláìsàn tí ẹbí wọn ń ti bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn wọn lójú títì.

Láti ìgbà náà ni ìlú ti dá páropáro. Ìjọba tuntun náà fòpin sí owó níná, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti tẹ́ńpìlì pa, wọ́n sì kó ará ìlú lọ sí oko ìrẹsì láti ṣe iṣẹ́ àṣekú. Ẹni tó bá kàwé, ẹni tó bá gbọ́ èdè òyìnbó, ẹni tó bá ti bá ìjọba àná ṣiṣẹ́ rí, ewu ló wà lórí rẹ̀. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 8 ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, láàárín mílíọ̀nù 1.7 sí mílíọ̀nù 2 ló kú, ebi pa àwọn kan, àìsàn pa àwọn kan, wọ́n sì fọwọ́ pa àwọn yòókù. Ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1979 ni àwọn ọmọ ogun Fiẹtnám gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Kàmbódíà máa ń ka iye àkókò náà láìṣì: ọdún 3, oṣù 8 àti ọjọ́ 20.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí ní Phnom Penh lónìí tó ti kọjá ẹni ọdún 55, ì báà jẹ́ ìyá tó ń ta èso tàbí bàbá tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ti wà láyé nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀.

Ṣé kò burú kí ènìyàn lọ wo ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn bí ẹni tó lọ wòran?

Ìjọba Kàmbódíà tó rọ́pò Khmer Rouge, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Fiẹtnám, ló ṣí àwọn ibi náà sílẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn tí Khmer Rouge ṣubú tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ayé má bàa sọ pé irọ́ ni. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ UNESCO fi Tuol Sleng (ọgbà ẹ̀wọ̀n kan láàárín ìlú), Choeung Ek (ibi tí wọ́n ti ń pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀) àti ọgbà ẹ̀wọ̀n M-13 tó wà ní ìgbèríko sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ohun tó burú, lójú tèmi, ni bí àwọn kan ṣe ń kó o pọ̀ mọ́ fàájì ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi Choeung Ek àti ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn ṣeré papọ̀ lọ arìnrìn-àjò: ẹ wo agbárí ní òwúrọ̀, ẹ yìnbọn AK-47 lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ lówó kan. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ má sì bú awakọ̀ náà, nítorí ohun tí àwọn àlejò ń béèrè ló ń tà. Ẹ kàn sọ fún un pé ibi ìrántí nìkan ni ẹ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2013 ni òfin ti wà tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá sẹ́ ìwà ọ̀daràn Khmer Rouge, ní ọdún 2025 ni wọ́n sì tún mú un le sí i, tó fi jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí ọdún márùn-ún ni ẹni tó bá jẹ̀bi lè fi gbára. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Kí ni mo máa rí ní Tuol Sleng?

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni Tuol Sleng tẹ́lẹ̀, láàárín ìlú gan-an, ilé mẹ́rin tó jẹ́ alájà mẹ́ta, tó yí àgbàlá kan ká. Khmer Rouge sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n pè ní S-21. Ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ ni Kaing Guek Eav, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Duch, ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò kó tó di olórí àwọn afìyàjẹni. Ilé ẹjọ́ tí Kàmbódíà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ fi hàn pé ó kéré tán, ẹlẹ́wọ̀n 12,272 ni wọ́n pa láti ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn ka iye náà sí 18,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Khmer Rouge fúnra wọn, tí ẹgbẹ́ yí padà fura sí.

Ilé A ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀. Yàrá ìkàwé ni àwọn yàrá ibẹ̀, táìsì funfun àti àwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n tò ó bí pátákó ayò dráfù. Láàárín yàrá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀dì irin kan ló wà níbẹ̀ láìsí tìmùtìmù, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lórí rẹ̀, àpótí ọta ìbọn tí wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n láti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára ògiri, fọ́tò ńlá kan wà tí wọ́n yà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Fiẹtnám dé: bẹ́ẹ̀dì yẹn kan náà ni, òkú ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Òkú mẹ́rìnlá ni wọ́n bá nínú ilé náà, inú àgbàlá ni wọ́n sin wọ́n sí, ẹ ó sì kọjá lára sàréè funfun wọn bí ẹ bá ń wọlé.

Ilé B ni fọ́tò àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà. Gbogbo ẹni tó bá wọ S-21 ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, wọ́n á fi nọ́ńbà há a láyà, wọ́n á sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àti fọ́tò wọ̀nyí ló di ẹ̀rí lẹ́yìn náà, UNESCO sì ti fi wọ́n sínú àkọsílẹ̀ Ìrántí Àgbáyé láti ọdún 2009. Àwọn obìnrin tó gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Àwọn kan ń wo kámẹ́rà láìmọ ohun tó ń bọ̀. Ilé C ni wọ́n fi bíríkì àti pákó pín sí túbú kéékèèké. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi bo iwájú rẹ̀ kì í ṣe nítorí kí ẹlẹ́wọ̀n má sá lọ nìkan, bí kò ṣe kí ó má lè bẹ́ sílẹ̀ láti òkè kó sì pa ara rẹ̀ kí wọ́n tó parí ìwádìí lórí rẹ̀. Ní Ilé D, ẹ ó rí irinṣẹ́ ìfìyàjẹni, ẹ ó sì rí àwòrán tí Vann Nath kùn.

Vann Nath wà lára àwọn ìwọ̀nba tó yè. Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbà wọ́n: Vann Nath àti Bou Meng mọ àwòrán kùn, wọ́n sì ń kùn àwòrán Pol Pot, Chum Mey mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ìránṣọ tún ṣe. Vann Nath kú ní ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Chum Mey àti Bou Meng fi ń jókòó nínú ọgbà náà kan náà, tí wọ́n ń ta ìwé ìtàn ayé wọn fún àlejò.

Ẹ yá ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sétí ní ẹnu ọ̀nà, èyí tó ń sọ ìtàn yàrá kọ̀ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè mìíràn. Láìsí i, ilé tó ṣófo ni ẹ ó máa wò. Ẹ fún ibẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá sì wọ̀ yín lára jù, kò sí ẹni tó sọ pé dandan ni kí ẹ wọ gbogbo yàrá. Bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi.

Choeung Ek ńkọ́?

Nǹkan bí kìlómítà 15 sí ìhà gúúsù ìlú ni Choeung Ek wà. Itẹ́ òkú àwọn ará Ṣáínà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ọgbà èso. Lálẹ́ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n S-21 lọ síbẹ̀, wọ́n á sọ fún wọn pé ilé tuntun ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ọta ìbọn wọ́n, nítorí náà igi ọkọ́ àti irin ni wọ́n fi ń pa wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè kọ́ sórí igi kan, orin ẹgbẹ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ á sì máa bo igbe mọ́lẹ̀ kí àwọn ará abúlé má bàa gbọ́.

Kòtò òkú 129 ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 1980, wọ́n hú 86 nínú wọn, wọ́n sì kó òkú 8,985 jáde. Wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìrántí gíga kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1988 dúró láàárín ọgbà náà, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, agbárí àwọn tó kú ni wọ́n sì tò sínú rẹ̀ ní àjà lórí àjà. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Òdòdó àti tùràrí wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi júbà.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, erùpẹ̀ á wọ́ lọ díẹ̀, egungun àti àkísà aṣọ á sì yọrí: etí aṣọ aláwọ̀ búlúù kan nínú ẹrẹ̀, eyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣà wọ́n láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ má ṣe kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là, ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Igi kan wà tí wọ́n ń gbá àwọn ọmọ ọwọ́ mọ́. Àwọn àlejò ti fi ẹ̀gbà ọwọ́ aláràbarà há a lára yíká. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí igi yẹn.

Ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ, ọjọ́ mélòó ni ó sì tó?

Tuol Sleng ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n pa ní Choeung Ek ti wá. Ẹni tó bá yí i padà yóò rí sàréè kó tó mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe láti parí méjèèjì ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ààyè, ẹ pín in sí òwúrọ̀ méjì kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fún ìlú náà, nítorí ìlú alààyè ni, ó sì máa jẹ́ ìwà àìmoore bí ẹ bá wo ikú rẹ̀ tán tí ẹ sì gbé àpò láìwo ìyè rẹ̀. Ìdajì ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí ibi ìrántí, ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Irú aṣọ wo ni kí n wọ̀, ṣé mo sì lè ya fọ́tò?

Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ní àwọn ibi ìrántí, ní tẹ́ńpìlì àti ní ààfin ọba. Ní Tuol Sleng, àwọn yàrá kan wà tí wọ́n ti fi àmì sí i pé fọ́tò kò sí. Ẹ pa á mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè, ẹ má ṣe ya ara yín pẹ̀lú ẹ̀rín níwájú agbárí ènìyàn. Ó yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a kò ní láti kọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ṣé mo lè bi àwọn ará ìlú nípa ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹni tí ẹ ń bi lè ti pàdánù òbí méjèèjì, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ogun Khmer Rouge ni òun fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọdé, nítorí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọdé sí iṣẹ́ ológun nígbà náà. Àwọn méjèèjì ń gbé ládùúgbò kan náà lónìí. Bí àgbàlagbà kan bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán. Àwọn amọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ní Tuol Sleng ni ẹ lè bi ní ìbéèrè fàlàlà, iṣẹ́ wọn ni. Ẹ sì tún lè lọ sí Bophana, ilé àkójọ fíìmù àti ohùn àtijọ́ tí Rithy Panh tó máa ń ṣe fíìmù dá sílẹ̀, níbi tí ẹ ó ti rí Phnom Penh bó ṣe rí kí ogun tó dé.

Ní ti ìkíni, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ẹ tẹrí ba díẹ̀, kí ẹ sì sọ pé "chumreap suor". Bí ẹni náà bá ṣe dàgbà tó ni ọwọ́ yín á ṣe ga tó. Ọmọ Yorùbá tó ti mọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò ní ṣe wàhálà kó tó mọ̀ ọ́n.

Ìwé wo ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé físà tí wọ́n ń tẹ̀ fún àlejò ní pápákọ̀ òfurufú. Òfin tó wà fún ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yàtọ̀ sí ti Britain tàbí ti Amẹ́ríkà. Ẹ gba físà kí ẹ tó gbéra, ẹ sì bá ilé iṣẹ́ aṣojú Kàmbódíà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Físà ìgbafẹ́ máa ń jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa wá. Fọ́ọ̀mù e-Arrival wà tí a ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ méje kí a tó dé. Ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà ojú ìwé èyíkéyìí tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, jìbìtì ni.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pápákọ̀ òfurufú tuntun tí wọ́n ń pè ní Techo ni ọkọ̀ ń balẹ̀ sí, ó tó nǹkan bí ogún kìlómítà sí gúúsù ìlú. Ẹ ṣírò owó mọ́tò mọ́ ọn.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí òjò ti dá tí ooru kò sì tíì le. Oṣù Kẹrin ni ooru pọ̀ jù, àárín oṣù náà sì ni ọdún tuntun wọn, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń lọ sí abúlé tí wọ́n á sì ti ilé ìtajà. Ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá ni Pchum Ben, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn òkú ọ̀run: kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gbé ìrẹsì tí wọ́n rọ roboto lọ sí tẹ́ńpìlì, wọ́n á jù ú sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ẹbí láyé mọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ òkú kò ti ní sàréè, ẹ ó rí i pé àjọ̀dún yìí wúwo.

Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ń ṣe ọdún omi, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gígùn díje lórí Tonle Sap, odò tí omi rẹ̀ ń yíjú padà lọ́dọọdún: nígbà òjò, Mekong á kún débi pé á ti omi Tonle Sap padà sẹ́yìn sínú adágún rẹ̀; tí òjò bá dá, á tún ṣàn wálẹ̀.

Ibo ni mo lè sùn láìná owó púpọ̀?

Hóstẹ̀lì pọ̀ lágbègbè etí odò, ní òpópónà 172, àti ní Boeung Keng Kang. Bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá àjùmọ̀sùn kì í sábà kọjá dọ́là 10. Ẹ béèrè bóyá àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìwé àtijọ́ lè tọ́ka yín sí adágún Boeung Kak. Ẹ má wá a. Ibẹ̀ ni ibùgbé àwọn alápò ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, ilé pákó lórí omi. Ní ọdún 2007, ìjọba fi adágún náà yá ilé iṣẹ́ kan fún ọdún 99; ní ọdún 2008 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa iyanrìn sínú rẹ̀, títí omi fi tán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló sì pàdánù ilé. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ṣíwájú ìfẹ̀hónúhàn, wọ́n sì ju mẹ́tàlá nínú wọn sẹ́wọ̀n ní ọdún 2012. Báńkì Àgbáyé dá owó yíyá Kàmbódíà dúró nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí àlejò mọ̀ pé ìrora ìlú yìí kò parí ní ọdún 1979.

Owó wo ni wọ́n ń ná?

Riel ni owó wọn, ṣùgbọ́n dọ́là Amẹ́ríkà ń wọlé níbi gbogbo, nǹkan bí riel 4,000 sì ni dọ́là kan. Ẹ lè fi dọ́là sanwó kí wọ́n fi riel ṣe ṣéńjì fún yín. Owó dọ́là tó bá ya, kódà bí ó ṣe díẹ̀ létí, wọn kò ní gbà á. Ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó kúrò nílé, àti nígbà tí wọ́n bá ń fún yín ní ṣéńjì.

Báwo ni mo ṣe máa rìn kiri ìlú?

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, ẹ pè é láti orí fóònù pẹ̀lú Grab tàbí PassApp kí ẹ lè mọ iye owó ṣáájú. Ìlú náà rọrùn láti mọ̀ nítorí nọ́ńbà ni orúkọ òpópónà: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba lọ láti àríwá sí gúúsù, èyí tó ṣeé pín lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Nọ́ńbà ojúlé ni kò ní orí tàbí ìdí. Ẹ fi igun òpópónà méjì júwe ibi tí ẹ ń lọ.

Kí ni mo máa jẹ?

Ní àárọ̀, ẹ wá ibi tí èéfín ti ń rú létí títì. Bai sach chrouk ni wọ́n ń tà níbẹ̀: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì sun lórí ẹyín iná títí etí rẹ̀ fi pọ́n, wọ́n á tò ó sórí ìrẹsì, wọ́n á fi kùkúḿbà àti rádíṣì tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan sí i, pẹ̀lú àwo omi ọbẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ó ti tán. Ẹ tún jẹ num banh chok, núdùlù ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja àti ewé tútù, àti amok, ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn àti ewé olóòórùn dídùn sè. Prahok, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n jẹ́ kó kan, òórùn rẹ̀ ń lé òyìnbó sá. Ẹni tó dàgbà sídìí irú kò ní sá. Oúnjẹ wọn kì í ta lẹ́nu, nítorí náà ẹ béèrè ata lọ́tọ̀.

Mùsùlùmí tó bá ń wá oúnjẹ halal yóò rí i lọ́wọ́ àwọn Cham, ẹ̀yà Mùsùlùmí ilẹ̀ náà, pàápàá lágbègbè mọ́sálásí Al-Serkal tó wà nítòsí ibi tí Boeung Kak wà tẹ́lẹ̀. Khmer Rouge dájú sọ àwọn Cham gidigidi, wọ́n fòfin de ìsìn wọn, wọ́n sì pa wọ́n nípakúpa. Ní ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ dá Nuon Chea, igbákejì Pol Pot, lẹ́bi ìpẹ̀yàrun lórí wọn àti lórí àwọn ará Fiẹtnám.

Ṣé ìlú náà léwu?

Ewu tó wọ́pọ̀ ni àwọn tó ń gun alùpùpù já fóònù àti àpò gbà. Ẹ má dúró létí títì máa wo máàpù lórí fóònù, ẹ má sì gbé àpò sí apá tó kọjú sí ọ̀nà nínú kẹ̀kẹ́. Ibà kò wọ́pọ̀ nílùú náà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń fa àìsàn dengue wà, pàápàá nígbà òjò, ọ̀sán ló sì ń jẹni.

Ewu kejì kan àwa ọmọ Áfíríkà gidigidi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó lówó gọbọi lọ̀ yín ní Kàmbódíà, tó ní òun yóò san owó ọkọ̀ òfurufú, ẹ sá. Àwọn ọgbà olódi wà tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè mọ́, tí wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà wọn, tí wọ́n sì ń fi ipá mú wọn ṣe jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo fẹ́ ṣèrànwọ́ nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ṣé ó dára?

Rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàmbódíà ló ní ó kéré tán òbí kan láyé. Owó àlejò ló ń mú kí wọ́n máa kó wọn jọ. Ẹ jẹun ní ilé oúnjẹ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ dípò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ibi ìrántí, kí ni mo tún lè wò?

Òkè Wat Phnom, níbi tí ìtàn sọ pé ìyá ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Penh ti kọ́ ojúbọ fún ère Búdà mẹ́rin tó rí nínú igi tí odò gbé wá. Ààfin ọba. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pupa tí wọ́n ṣí ní ọdún 1920. Ọjà Psar Thmei tí òrùlé rẹ̀ roboto láti ọdún 1937. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pápá ìṣeré Olympic tí Vann Molyvann yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1964: ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá àgbà àti ọ̀dọ́ máa ń tò sórí àtẹ̀gùn òkè rẹ̀, wọ́n á máa jó sí orin láti fi ṣe eré ìdárayá, ẹnikẹ́ni sì lè bá wọn ṣe é bí ó bá san owó táṣẹ́rẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn?

Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Siem Reap ní wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, òmíràn sì ń gba ibodè Bavet lọ sí Ho Chi Minh ní Fiẹtnám. Ẹ ti gba físà Fiẹtnám sílẹ̀ kí ẹ tó dé ibodè. Ti Táílàndì ṣòro: láti oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni aáwọ̀ ti mú kí wọ́n ti ibodè orí ilẹ̀, nítorí náà ẹ wádìí ipò tó wà kí ẹ tó gbà pé ẹ lè kọjá. Bọ́ọ̀sì òru máa ń ní bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni wọ́n ń pín ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ẹni tó bá dá rìn lè bá àjèjì sùn sórí ẹyọ kan títí di àárọ̀, nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀dì ẹni kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀.